Òpìpì

Mẹ́rin ni mo gbà, nínú páálí ọ̀gẹ̀dẹ̀,
lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kó wọn kúrò ní ilé àgò
lọ́jọ́ tí àwọn alágò ní wọ́n ti dàgbà jù.
Ọrùn wọn pá. Ìdí wọn hàn sí afẹ́fẹ́ Rochdale.
Mo da àgbàdo sílẹ̀,
mo pè wọ́n bí màmá mi ṣe ń pe tirẹ̀.
Wọ́n ń wò mí.
Wọn ò tẹlẹ̀ rí. Ta ni ì bá sọ fún wọn
pé ẹsẹ̀ adìẹ wà fún ilẹ̀ títàn?

Ní Ìrágbìjí, ta ló ń ra oúnjẹ fún adìẹ?
Adìẹ màmá mi a jáde láàárọ̀ bí ẹni tó níṣẹ́,
a jẹ ikán, a jẹ tata, a jẹ èèrí ògì,
a wọlé nírọ̀lẹ́ láìjábọ̀ fún ẹnikẹ́ni.
Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ìyókù ẹ̀bà
àti egungun ẹja jáde lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Doreen Ackroyd yọrí lókè fẹ́ǹsì,
rólà ṣì wà nínú irun rẹ̀:
"Rẹ̀mí, òfin ò gbà á.
Ohun tó bá ti gba kíṣìnì kọjá
kì í ṣe ti adìẹ mọ́."
Rẹ̀mílẹ́kún lorúkọ mi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Òfin! Lórí ẹ̀bà!
Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní àrùn kan jà nígbà kan,
wọ́n ń dáná sun màlúù bí ẹni ń sun igbó,
òun fi imú òun gbọ́ èéfín rẹ̀.
Mo gbé abọ́ padà.
Mo jẹ ẹ̀bà tútù náà lóòró.

Ó kù ká ra oúnjẹ adìẹ tó ń yé:
àpò ogún kílò, hóró kan náà, àwọ̀ kan náà.
Mo tọ́ ọ wò.
Ó dà bíi páálí tó gbọ́ ìròyìn àgbàdo.
Àánú wọn ṣe mí. Mo fi àgbàdo pẹ́ẹ̀rẹ́ sí i láàárọ̀,
mo fi sí i lọ́sàn-án,
ti alẹ́, torí òtútù.
Wọ́n fi hóró sílẹ̀. Wọ́n ń sanra, wọ́n ń tẹ̀lé mi bí onígbèsè.

Nínú oṣù kọkànlá, èyí tí mo ń pè ní Òpìpì,
tí ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ kọ̀ tí kò hù,
yé ẹyin tí kò léèpo.
Mo gbé e lọ́wọ́ bí ẹni gbé ojú ẹlòmíràn.

Doreen ní, "O ti fi ìpápánu lé oúnjẹ jáde.
Ìdá kan nínú mẹ́wàá. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀."
Ìdámẹ́wàá kẹ̀! Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń san án,
n ò mọ̀ pé adìẹ náà ń gbà á.

Hóró ni wọ́n ń jẹ báyìí látàárọ̀ ṣúlẹ̀.
Ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan, kí n tó lọ síṣẹ́ òru.
Karawun òkun tí wọ́n fọ́ wà nínú àwo ọ̀tọ̀;
èyí tó bá mọ àìní ara rẹ̀ a lọ síbẹ̀.
Píà tí Bọ̀sẹ̀dé fún mi, èmi nìkan ni mo jẹ ẹ́,
májèlé ni fún wọn.
Àti òkúta!
"Adìẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ̀pẹ́ mì,
ó ní òun ò léyín;
ìdérègbè tó léyín ń gbé irin mì?"
Màmá mi ló máa ń fi ṣe wá lẹ́nu nígbà tá a bá ń ráhùn oúnjẹ.
Ìyá mi, owó ni mo fi ń ra òkúta níbí.

Ọjọ́ Sátidé, Doreen hú kábéèjì nínú oko rẹ̀,
ó nà án sí mi lórí fẹ́ǹsì
kó má baà gba kíṣìnì kọjá.
A fi okùn so ó rọ̀. Wọ́n ń fò, wọ́n ń ṣá a jẹ.

Lónìí mo ti ibi iṣẹ́ òru dé, ìrì dídì bo ilẹ̀.
Òpìpì dá dúró lẹ́bàá géètì.
Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé e pẹ́ bí ẹni ń ronú,
ó tan ilẹ̀.
Kò rí nǹkan kan níbẹ̀.
Ó tún un tàn.